Ọjọ́ Ẹtì di tèmi, ṣùgbọ́n n kò rí i lò

Olùbéèrè: Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Ó ti pé oṣù mẹ́ta báyìí tí ilé-iṣẹ́ wa ti dín ọjọ́ iṣẹ́ kù láti márùn-ún sí mẹ́rin láìfọwọ́ kan owó oṣù wa. Mo ti pinnu pé ọjọ́ Ẹtì ni n ó máa fi kọ́ aṣọ rírán, èyí tí ó ti ń wù mí láti kékeré. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá, agogo mọ́kànlá lù bá mi lórí ibùsùn, fóònù wà lọ́wọ́ mi, tíì tí mo pò ti tutù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ẹ̀rọ ìránṣọ tí mo rà sì wà nínú páálí rẹ̀ síbẹ̀. Nígbà tí mo dìde, aṣọ fífọ̀ àti ilé gbígbá ló gba ìyókù ọjọ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Èsì kìíní: Àbúrò mi, má dá ara rẹ lẹ́bi jù. Oorun ni mo fi oṣù méjì àkọ́kọ́ tèmi sùn, ara ló ń gba gbèsè tí mo jẹ ẹ́. Fóònù ni kí o gbé sí yàrá mìíràn lálẹ́ Ọjọ́bọ̀.

Èsì kejì: Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ ni ẹ sọ, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ilé ló ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Gbàrà tí àwọn ará ilé mi mọ̀ pé mo ń wà nílé lọ́jọ́ Ẹtì, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to gbogbo iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ dè mí, títí tí mo fi jókòó bá ọkọ mi sọ ọ́, tí a sì pín in. Ní orílẹ̀-èdè Iceland, níbi tí wọ́n ti dán dídín wákàtí iṣẹ́ kù wò láàárín 2015 sí 2019 pẹ̀lú òṣìṣẹ́ tí ó lé ní 2,500, tí wákàtí 40 lọ́sẹ̀ di 35 tàbí 36, àwọn ọkùnrin kan sọ pé ọwọ́ àwọn túbọ̀ wọ iṣẹ́ ilé. Nítorí náà, ó ṣeé ṣe, bí a bá ti lè là á mọ́lẹ̀.

Èsì kẹta: Àwọn òṣìṣẹ́ Kellogg's, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe cornflakes, ní ìlú Battle Creek, ní Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wákàtí 6 lóòjọ́ ní 1930. Àwọn kan lára wọn, tí obìnrin pọ̀ jù nínú wọn, di ètò náà mú títí di 1985. Ọgbà, ẹbí àti ọ̀rẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn fi àyè náà gbọ́ tiwọn.

Olùbéèrè: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. N ó bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ lálẹ́ yìí. Mo ti tú páálí náà, ẹ̀rọ ti wà lórí tábìlì, mo sì ti ki òwú bọ abẹ́rẹ́ rẹ̀ de ọjọ́ Ẹtì.