Òróró ń yọ́ jáde lára ọ̀dà pupa tí mo kùn sórí iṣẹ́ láínò mi

Akọsáìnbọ́ọ̀dù, Kàbà
Ọ̀kún o, gbogbo ilé. Sáìnbọ́ọ̀dù ni mo ń kọ jẹun, alẹ́ ni mo máa ń ṣe èyí tó wà lọ́kàn mi. Mo gbẹ́ ìyá àgbà kan sára láínò, ohun pẹlẹbẹ rírọ̀ tí a máa ń gbẹ́ àwòrán sí ká lè tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ìyá náà jókòó ti òfì, ó ń hun aṣọ ìpò, aṣọ pupa tí àwọn ará Bùnú fi ń sin ẹni ńlá. Mo fi rólà yí yíǹkì dúdú sí i, mo tẹ́ bébà lé e, mo ń fi ẹ̀yìn ṣíbí pa á títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ó gbà dáadáa, àfi pé mo gbàgbé pé ọ̀tún á di òsì. Ìyá ti di ọlọ́wọ́ òsì. Ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Pupa ni wàhálà mi. Aṣọ yẹn nìkan ni mo fẹ́ kó pupa, kí ìyókù wà ní dúdú àti funfun. Mo fi ọ̀dà olóróró kùn ún. Nígbà tílẹ̀ mọ́, òróró ti yọ́ yí pupa ká, bí ojú bébà tí wọ́n fi pọ́n àkàrà. Ẹ̀dà méje ló bàjẹ́ báyẹn. Mo fi kẹrosíìnì la ti ẹ̀kẹjọ, ìyẹn tún burú jù. Ṣé bébà ni àbí ọ̀dà?

Ìyá Aláró, Mọ̀pà
Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Èmi ò mọ bébà, aṣọ ni mo mọ̀. Ibi tí a ò bá fẹ́ kí aró wọ̀ lára àdìrẹ, ẹ̀kọ láfún la fi ń dí i. Se díẹ̀, fi kun ibi tí pupa máa gbà, jẹ́ kó gbẹ ná.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìsánlú
Ọ̀rọ̀ ìyá tọ̀nà, ẹ̀kọ ni mi ò fọwọ́ sí: aáyán á jẹ ẹ́. Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà ni kí o fi omi là, kí o kùn ún sí bébà tojú tẹ̀yìn, kó gbẹ kí o tó tẹ ohunkóhun lé e.

Bébà ni o. Bébà tí a kò dí á máa mu òróró, kì í sì í ṣe àbàwọ́n nìkan: bó bá pẹ́, á pọ́n, á gan, á máa já lọ́wọ́ bí ewé ọyẹ́. Òróró kì í gbẹ bí omi ṣe ń gbẹ. Afẹ́fẹ́ ló ń wọ inú rẹ̀ tó fi ń le, èyí tó bá nípọn sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Jọ̀wọ́, kẹrosíìnì wà fún àtùpà. Turpentine ni kí o fi la ìpele ìsàlẹ̀, kí òróró pọ̀ nínú èyí tó gorí ẹ̀. Bí o bá yí i padà, tòkè á le ṣáájú tìsàlẹ̀, á sì sán. Yíǹkì dúdú yẹn náà, fún un lọ́jọ́ díẹ̀, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ búrọ́ọ̀ṣì á wọ́ ọ wọnú pupa.

Ọmọ Ògìdì
Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, kí ni búrọ́ọ̀ṣì ń wá níbẹ̀? Gbẹ́ láínò kejì fún pupa. Kan pátákó tín-ín-rín méjì sórí tábìlì kí wọ́n ṣe igun, kí láínò àti bébà máa jókòó síbẹ̀, wọn ò ní yẹ̀. Pupa kọ́kọ́, dúdú gbẹ̀yìn.

Má sì sun méje yẹn o. Bruce Onobrakpeya, atẹ̀wòrán ọmọ Nàìjíríà, ásíìdì ba pátákó zinc tó fi ń tẹ àwòrán jẹ́ ní 1967, ó fi gọ́ọ̀mù Araldite dí i, ibẹ̀ ló ti bọ́ sórí ọ̀nà tó pè ní plastograph. Twins Seven-Seven, ayàwòrán tí wọ́n bí nílùú wa ní 1944 náà, ó tẹ àwòrán, ó kùn ọ̀dà, kò yan ọ̀kan sílẹ̀.

Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìsánlú
Pupa láínò á tẹ́ pẹrẹsẹ, ọmọ Ògìdì. Ọ̀dà olóróró ló lè dìde lójú bí òwú.

Akọsáìnbọ́ọ̀dù, Kàbà
Ẹ ṣé o. Mo lo gọ́ọ̀mù, mo fi turpentine la pupa. Ọjọ́ kẹrin rèé, kò yọ́. Ó ṣì ń lẹ̀ mọ́ọ̀yàn lọ́wọ́ ṣá. Ìka mi lẹ máa rí létí bébà tí mo bá gbé fọ́tò rẹ̀ síbí.