Ìwé Saramago àti èmi: ẹ wá sọ ìrírí tiyín

Ìyá Ìbejì, Peckham

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti yá ìwé José Saramago, òǹkọ̀wé ará Pọ́túgà, tí mo tún dá a padà sí láíbìrì láì kà á tán. Èyí tó kọ lórí ìfọ́jú lọ́dún 1995 ni. Ọkùnrin kan jókòó sínú mọ́tò rẹ̀ nídìí iná títì, ó ń dúró kí iná yí padà, ojú rẹ̀ sì fọ́ lójijì. Funfun báláú ló ń rí, kì í ṣe òkùnkùn. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi fọ́jú, ó ku ìyàwó dókítà ojú nìkan. Ìtàn yẹn gbá mi mú, bó ṣe kọ ọ́ ló sú mi. Kò sí àmì kankan tó ń fi hàn pé ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Kọ́mà ló kàn ń tẹ̀ lé kọ́mà. Ẹni méjì á máa jiyàn nínú gbólóhùn kan ṣoṣo, lẹ́tà ńlá nìkan ni wàá fi mọ̀ pé ẹlòmíràn ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹni àkọ́kọ́.

Ìgbà tí màmá mi wá lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ wa ni nǹkan yí padà. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún wọn, wọn ò sì lè wo tẹlifíṣọ̀n. Wọ́n ní, "Kí lò ń kà tó o fi ń mí kanlẹ̀ báyìí? Kà á sókè." Màmá ò lọ ilé ìwé rí. Bí mo ṣe ń kà ni mò ń yí i sí Yorùbá: ó ní, mo ní, ó tún ní, ìyàwó ní rárá o. Ẹ̀yin èèyàn mi, ibẹ̀ ni ìwé náà ti là sí mi. Bí màmá mi ṣe ń ròyìn ọjà fún wa nígbà tá a wà ní kékeré gan-an nìyẹn! Wọ́n tẹ́tí títí, wọ́n ní, "Ọ̀dọ̀ àgbà lẹni tó kọ eléyìí dàgbà sí."

Mo lọ wádìí, màmá mi ò ṣì í. Saramago ti lọ gbé láàárín àwọn alágbàṣe oko ní Lavre, lágbègbè Alentejo, ó ń gbọ́ ìyà tí wọ́n jẹ lọ́wọ́ àwọn onílẹ̀. Nígbà tó jókòó láti kọ ọ́ sínú *Levantado do Chão*, tó jáde lọ́dún 1980, ó bẹ̀rẹ̀ bí gbogbo òǹkọ̀wé ṣe ń bẹ̀rẹ̀. Kò tíì kọ ọ́ jìnnà tí àwọn àmì fi ń já bọ́ fúnra wọn, bí ẹni pé ó padà lọ jókòó ti àwọn ará oko yẹn, tó ń sọ ìtàn wọn fún wọn. Ó wá ní láti tún ìbẹ̀rẹ̀ kọ kó lè bá ìyókù mu. Ó ti ń sún mọ́ ọgọ́ta ọdún nígbà yẹn.

Jerónimo àti Josefa, àwọn òbí ìyá rẹ̀ ní abúlé Azinhaga, ò mọ̀wé kà, ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ń sìn. Tí òtútù bá mú, wọ́n á gbé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ tí kò lágbára sórí ibùsùn wọn kó má bàa kú, torí òun ni oúnjẹ wọn. Lálẹ́ ìgbà ooru, Saramago àti bàbá àgbà á sùn sábẹ́ igi ọ̀pọ̀tọ́, bàbá á máa pìtàn títí oorun á fi gbé e lọ. Nígbà tó gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 1998, ohun tó fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní Stockholm ni pé ẹni tó gbọ́n jù lọ tóun mọ̀ láyé kò mọ̀ọ́kọ, kò mọ̀ọ́kà. Mo túmọ̀ ìyẹn fún màmá mi. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀.

Bọ̀dá Mẹ́káníìkì, Mushin

Àǹtí, ẹ ṣeun gan-an. Iṣẹ́ kan náà lèmi àti Saramago kọ́. Owó ò tó láti máa rán an lọ sílé ìwé àwọn olówó, wọ́n bá ní kó lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Ó bá wọn tún mọ́tò ṣe ní Lisbon. Tílẹ̀ bá ṣú, á gba láíbìrì lọ, á máa ka ohunkóhun tọ́wọ́ rẹ̀ bá bà. Èmi mọ bó ṣe ń rí láti fọ girísì kúrò lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kéèyàn tó lè ṣí ìwé.

Ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde lọ́dún 1947. Ó kọ òmíràn, *Claraboia*, ó fi ránṣẹ́ sí ilé ìtẹ̀wé kan lọ́dún 1953, wọn ò tiẹ̀ fèsì. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún kí wọ́n tó rí i níbi tó wà, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Òkìkí rẹ̀ ti kàn nígbà yẹn. Ó kọ̀, wọn ò ní tẹ̀ ẹ́ lójú ayé òun. Ọdún 2011, lẹ́yìn ikú rẹ̀, ló tó jáde. Èmi náà fi ìtàn ránṣẹ́ sáwọn kan, ọdún kẹfà rèé tí mi ò gbọ́ nǹkan kan. Ọjọ́ tí mo kà nípa *Claraboia*, mo sunkún.

Ẹ tún gbọ́ ti orúkọ rẹ̀. De Sousa ni wọ́n ń jẹ́. Saramago jẹ́ ewé ìgbẹ́ tí àwọn aláìní máa ń jẹ, inagijẹ ìdílé bàbá rẹ̀ ni. Akọ̀wé tó forúkọ ọmọ sílẹ̀ ló fi kún un, ilé ò sì mọ̀ títí ọmọ fi di ọmọ ọdún méje tó fẹ́ wọ ilé ìwé. Bàbá ló wá lọ yí tirẹ̀ padà kó lè bá ti ọmọ mu. Ọmọ ló sọ bàbá lórúkọ!

Ọmọ Alàgbà, Houston

Ẹ má bínú, ìwé tó kọ lórí Jésù lọ́dún 1991 dùn mí wọra. Mi ò lè kà á kọjá ìdajì. Kọ́múníìsì ni, kò gbà pé Ọlọ́run wà, kò sì fi pa mọ́. Lọ́dún 1992, aláṣẹ kan nínú ìjọba Pọ́túgà yọ ìwé náà kúrò lára àwọn tó máa díje fún ẹ̀bùn kan ní Yúróòpù. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Saramago àti Pilar ìyàwó rẹ̀ kó lọ sí Lanzarote, erékùṣù Sípéènì, ibẹ̀ ló kú sí ní ọjọ́ 18 oṣù kẹfà ọdún 2010. Ìgbàgbọ́ mi ò yẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ṣe é yẹn ò dáa. Ti ìfọ́jú ni mo padà kà, mo sì kà á tán.

Akẹ́kọ̀ọ́ ní Lisbon

Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀ Pọ́túgà lérùpẹ̀ rẹ̀ padà sí o. Iwájú Casa dos Bicos, ilé olókùúta ṣóńṣó ṣóńṣó tó di ti àjọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ni wọ́n ri eérú rẹ̀ mọ́, lábẹ́ igi ólífì tí wọ́n hú wá láti Azinhaga. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, òjò ń rọ̀. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni bàbá àgbà rẹ̀, tí wọ́n fẹ́ gbé lọ sí Lisbon nígbà tí àìsàn dé. Kó tó kúrò nílé, ó lọ dì mọ́ àwọn igi inú ọgbà rẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, ó ń sunkún, torí ó mọ̀ pé òun ò ní padà wá. Mo fọwọ́ kan igi yẹn kí n tó lọ.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Àbúrò, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀kọ́ yín yọrí. Màmá ti padà sí Abẹ́òkúta. *Memorial do Convento*, tọdún 1982, ni mò ń kà fún wọn lórí fóònù lálaalẹ́ Sátidé. Wọ́n fẹ́ràn Blimunda, obìnrin tó máa ń rí inú èèyàn tí kò bá tíì fẹnu kan oúnjẹ láàárọ̀. A ti dé ibi táwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọ́ òkúta ńlá lọ sí ìlú Mafra ní Pọ́túgà, láti fi kọ́ ilé àwọn ẹlẹ́sìn nítorí ẹ̀jẹ́ tí ọba jẹ́. Saramago ní òun ò lè sọ ìgbésí ayé gbogbo wọn, nítorí náà ó pe orúkọ kan fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, láti Alcino títí dé Zacarias, kí wọ́n má bàa parun. Mo fẹ́ sáré kọjá níbẹ̀. Màmá ní, "Rọra, jẹ́ kí n gbọ́ orúkọ wọn." Mo padà sí Alcino.