Luau (àsè ìbílẹ̀ Hawaii, tó ní oúnjẹ àti ijó) wo ni kí n mú ìyá mi àtàwọn ọmọ lọ ní Hawaii?

Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Houston la wà, a sì fẹ́ lọ lo ìsinmi ní Hawaii. Ohun tó wù mí jù ni kí n fojú ara mi rí imu, ihò tí wọ́n gbẹ́, tí wọ́n kó òkúta gbígbóná sí, tí wọ́n wá fi ewé bo odindi ẹlẹ́dẹ̀ kí wọ́n tó da yẹ̀pẹ̀ lé e. Ṣé gbogbo ibi ni wọ́n ti ń jẹ́ kí àlejò wò ó bí wọ́n bá ń hú u?

Luau ti Polynesian Cultural Center ní erékùṣù Oahu dáa fún àwọn ọmọ, torí wọn kì í ta ọtí. Àmọ́ kì í ṣe ti Hawaii nìkan, ijó àwọn erékùṣù míì bíi Samoa, Tonga àti Tahiti náà wà níbẹ̀. Old Lahaina Luau ní erékùṣù Maui ló ń fa ọkàn mi, torí ìtàn Hawaii gan-an ni wọ́n gbájú mọ́. Kò kàn sí ijó ọ̀bẹ oníná níbẹ̀, òun làwọn ọmọ sì ń béèrè.

Màámi kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Poi tí wọ́n fi kókò gún á bá wọn lára mu, mo mọ̀. Kí ni nǹkan míì tí wọ́n lè jẹ? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ìjókòó iwájú tó owó tí wọ́n ń gbà lé e?