Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: sub-bass tó jinlẹ̀ fún orin techno

ỌmọKábà:
Okun o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Inú yàrá mi ní Kábà ni mo ti ń ṣe orin techno, orin ijó tí a fi ẹ̀rọ ṣe, lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, kick rẹ̀, ìyẹn ìlù ńlá tó ń lù gbì-gbì, sì ń lù ní ìgbà 130 ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tó ń dùn mí ni pé ohùn ìsàlẹ̀ pátápátá, ìyẹn sub-bass, máa ń kún dáadáa nínú hẹ́dífóònù, ṣùgbọ́n bí a bá gbé e sí sípíkà ńlá ní gbọ̀ngàn, ńṣe ló ń dà pọ̀ mọ́ kick tí a kì í fi í mọ èwo ni èwo. Irinṣẹ́ tí kò gba owó wo ni ẹ mọ̀, ọ̀nà wo ni ẹ sì ń gbà tí tiyín fi ń jinlẹ̀ tó sì ń mọ́?

AlùlùÌsánlú:
Okun o, àbúrò. Surge XT àti Vital, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí ń dá ohùn sílẹ̀, kò gba owó, èyíkéyìí nínú wọn ló sì lè ṣe ìgbì sine, ohùn kan ṣoṣo tí kò ní àdàlù, tí í ṣe ìpìlẹ̀ sub-bass. Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ kọ́ ni ìṣòro rẹ. Láàárín 20 Hz sí 60 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), kò sí ààyè fún ohun méjì láti jọ pariwo lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà pinnu èyí tí yóò ni ìsàlẹ̀, yálà kick tàbí bass, kí o tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Kick techno máa ń bẹ̀rẹ̀ lókè, á sì já wálẹ̀ kíákíá. Ibi tó bá balẹ̀ sí ni ohùn rẹ̀. Ṣí SPAN, ètò tí ń fi ìlà ya àwòrán ohùn, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, kí o wo ibi tí ìlà náà ga jù sí. Bí ó bá wà ní 49 Hz, nóòtì G ni. 55 Hz jẹ́ A, nǹkan bí 43.7 Hz sì jẹ́ F. Yí kick náà títí yóò fi bá bass mu. Èmi kì í sọ̀kalẹ̀ ju F lọ, nítorí pé C tó wà ní 32.7 Hz, ọ̀pọ̀ sípíkà tí wọ́n ń gbé lọ sóde ìnáwó lọ́dọ̀ wa kò lè gbé e jáde, agbára ẹ̀rọ á kàn máa ṣòfò lásán.

Lẹ́yìn èyí, lo sidechain, kí compressor, irinṣẹ́ tí ń dín ariwo ohùn kù, máa tẹ bass mọ́lẹ̀ nígbàkígbà tí kick bá lù. Bí orin rẹ ṣe yára tó yẹn, kick kan jìnnà sí èkejì ní nǹkan bí ìdá 461 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá; fi release, ìyẹn àkókò tí bass fi ń padà sókè, sí àárín ìdá 100 sí 200 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá, kí bass ti padà kún kí kick mìíràn tó dé.

ỌmọMopa:
Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ, àmọ́ sine nìkan kò tó fún techno lójú tèmi. Ọ̀pọ̀ orin techno tó wúwo kò ní bass tí a dìídì tẹ̀. Inú kick fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti ń fa ìrumi ìsàlẹ̀ yẹn yọ. Fi kick ránṣẹ́ sínú reverb, ìyẹn gbohùngbohùn bíi ti gbọ̀ngàn, tí yóò dún fún ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì, fi filter gé gbogbo ohun tó bá kọjá 120 Hz, fi distortion díẹ̀, tí ń mú ohùn ha, sí i, kí o sì jẹ́ kí kick àkọ́kọ́ máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Sọ ọ́ di mono, ìyẹn ohùn kan náà lọ́tùn-ún àti lósì, láìjáfara, nítorí pé reverb máa ń tú ohùn sí ọ̀tún àti sí òsì, bí apá méjèèjì bá sì ta ko ara wọn, wọn yóò pa ara wọn rẹ́ nígbà tí sípíkà gbọ̀ngàn bá pa wọ́n pọ̀.

Sítúdíò_Ìyàrá:
Fi saturation díẹ̀, ìyẹn distortion fẹ́ẹ́rẹ́, kún sine náà pẹ̀lú. Bass tó wà ní 50 Hz yóò wá ní ohùn 100 àti 150 lórí, ìwọ̀nyẹn ni ẹni tó ń fi fóònù gbọ́ orin yóò fi mọ̀ pé bass wà níbẹ̀.

ỌmọKábà:
Ẹ ṣeun púpọ̀. SPAN fi hàn pé kick mi wà ní 46 Hz, bass sì wà ní 49, ìyàtọ̀ yẹn ló ń mú kó máa fì. Mo ti mú wọn bára mu, ó sì ti mọ́ jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó ku ọ̀kan: láàárín yàrá tí mo ń jókòó sí, n kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ bass rárá, àfi bí mo bá sún mọ́ ògiri. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ni yàrá náà ní gígùn àti ní ìbú.

AlùlùÌsánlú:
Yàrá náà ló ń ṣe é. Ẹsẹ̀ bàtà 12 jẹ́ mítà 3.66, ohùn sì ń rin nǹkan bí mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà 47 Hz gan-an ni ògiri méjì tó kọjú síra ń jù síra wọn: ó ń pọ̀ lára ògiri, ó sì ń kú sí àárín gbùngbùn. Gígùn àti ìbú tó dọ́gba ló tún jẹ́ kó le tó bẹ́ẹ̀. Gbé àga rẹ sí nǹkan bí mítà 1.4 sí ògiri iwájú. Má náwó sórí fóòmù tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, torí pé ìgbì tó gùn ju mítà 7 lọ kò ní kà á sí.

Sítúdíò_Ìyàrá:
Wo ti jẹnẹrétọ̀ náà. Àwọn kéékèèké tí a ń lò máa ń yí nǹkan bí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, orí sub-bass rẹ gan-an ni ìró rẹ̀ sì ń jókòó lé. Bí ó bá ń dún lẹ́yìn fèrèsé, ìwọ yóò máa gbé bass sókè láìmọ̀, kí o lè gbọ́ ọ ju ìró yẹn lọ. Jẹ́ kí bátìrì kọ̀ǹpútà kún, pa jẹnẹrétọ̀, kí o fi hẹ́dífóònù ṣe sub-bass ní àkókò yẹn, kí o sì fi hi-hat àti àwọn ohùn òkè sí ìgbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́. Bí o bá ti ṣe tán, gbé orin náà síbí kí a gbọ́ ọ.