Ta ló ti fi kóòdù wá ibi tí àdírẹ́sì IP wà rí? Ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Àkànní_Python
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọ̀gá mi ń ta àdìrẹ àti aṣọ òkè lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó fẹ́ kí ẹni tó bá wọlé láti Nàìjíríà rí iye owó ní náírà, kí ará Lọ́ńdọ́ọ̀nù rí i ní pọ́ùn. Mo lo geoip2, library (àkójọ kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀) ti Python, mo gba fáìlì GeoLite2-City.mmdb sílẹ̀, èyí tó ń sọ ìlú tí àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì) wà, iṣẹ́ sì ń lọ. Àfi bí ọ̀gá ṣe rí i pé orúkọ ìlú náà ń jáde. Ó ní kí n máa kọ "Ẹ káàbọ̀, ará Abẹ́òkúta" sókè ojú ìwé. Látìgbà náà, gbogbo wọn ló di ará Èkó. Oníbàárà kan pè láti Ògbómọ̀ṣọ́, ó ní ta ló sọ òun di ará Èkó. Báwo ni tiyín ṣe rí?

Sọjí_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì
Library rẹ ò purọ́. Fóònù tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn kò ní àdírẹ́sì tirẹ̀ tí gbogbo ayé lè rí. Àdírẹ́sì abẹ́lé ni àwọn tó ń ta dátà ń fún un, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10 tàbí 100.64, wọ́n á wá kó ọ̀pọ̀ fóònù sábẹ́ àdírẹ́sì ìta kan ṣoṣo. CGNAT ni wọ́n ń pè é. Ẹnu ọ̀nà tí gbogbo wọn ń bá jáde wà ní Èkó, òun sì ni ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì rẹ ń rí.

Mo rin ìrìn-àjò láti Ìlọrin lọ sí Òṣogbo nígbà kan, mò ń yẹ tèmi wò lójú ọ̀nà. Ọ̀fà, Èkó. Ìkìrun, Èkó. Mo wọ ilé ìyá mi, Èkó ni. Màmá ní kí ni mò ń wò nínú fóònù tí mi ò fi jẹun, ẹ̀bà ti le koránkorán.

Ọmọ_Mesiọ̀gọ̀
Ìbàdàn ni mo wà. Ojúlé tó bá pè mí ní ará Èkó, mi ò ní ra nǹkan kan níbẹ̀.

Abẹ̀ní_Backend
Ti aláṣọ tiẹ̀ dára. Ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí máa ń bá èèyàn fi owó ránṣẹ́. Àwọn tó ń rí sí ààbò ṣe òfin pé tí oníbàárà bá wọlé láti ìlú méjì tó jìnnà síra láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ̀rọ ti àkáǹtì rẹ̀ pa. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n èèyàn á wà lórí Wi-Fi ilé ní Ìbàdàn, NEPA á mú iná, á bọ́ sórí dátà fóònù, ló bá di ará Àbújá. Ẹ̀rọ á ṣírò pé ó fò lọ ni, á tì í pa. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó oṣù ló máa ń burú jù. Àwọn tó ń gbé ìpè á fẹ́ẹ̀ sunkún.

Ohun tó dùn mí ni pé ìdáhùn náà wà nínú ohun tí library ń dá padà. Wọ́n ń pè é ní accuracy_radius: iye kìlómítà tó ṣeé ṣe kó fi jìnnà sí òótọ́. Mo ti rí 500 níbẹ̀, mo ti rí 1000. Èkó sí Ìbàdàn ò tó 150! Kò sẹ́ni tó wò ó.

Jídé_Peckham
Háà! Ẹ̀yin gan-an nìyẹn! Òkú bàbá wa ni mo fẹ́ fi owó ránṣẹ́ sí. Alásè ti gbé ìkòkò kaná, ó ní òun ò ní da ìrẹsì sí i àyàfi tí owó bá wọlé. Àkáǹtì ní àtì. Mo pè wọ́n, ọmọbìnrin kan ní ṣé èmi ni mo wọlé láti Amsterdam. Kí ni mo fẹ́ ṣe ní Amsterdam?

Abẹ̀ní_Backend
Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Èmi ò sí níbẹ̀ mọ́, kò sì dájú pé àwa ni 😂

Kọ́lá_Yẹ̀ẹ́wò
Ẹ̀gbọ́n Jídé, ṣé ẹ ò tan VPN báyìí, èyí tó ń mú kéèyàn dà bí ẹni tó wà ní ìlú míì?

Jídé_Peckham
Kọ̀ǹpútà iṣẹ́ ni. Àwọn ló fi VPN sí i.

Kọ́lá_Yẹ̀ẹ́wò
Ẹ wá ń fi kọ̀ǹpútà iṣẹ́ san owó alásè?

Jídé_Peckham
Àbúrò, ṣé ìwọ lo gbà mí síṣẹ́ ni?

Sọjí_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì
Ẹ jẹ́ ká pa ti eré tì. Kò yẹ kí IP nìkan ti àkáǹtì ẹnikẹ́ni. Kó béèrè OTP, ó tán.

Kọ́lá_Yẹ̀ẹ́wò
Kò tán o. Ẹni tó bá ti jí síìmù rẹ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni OTP ń lọ. Àwọn ọmọ Yahoo ò fẹ́ nǹkan míì ju kí ẹ yọ òfin yẹn kúrò lọ. Èmi ò ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n má kàn fi ìlú ṣe é. Orílẹ̀-èdè ló ṣeé gbára lé díẹ̀.

Abẹ̀ní_Backend
Ní orílẹ̀-èdè pàápàá, ẹ ṣọ́ra. country wà, registered_country náà wà. Ìkejì yẹn ni ibi tí wọ́n ti forúkọ àdírẹ́sì sílẹ̀, ó lè yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń lò ó.

Ìyá_Dátà
Àkáǹtì lẹ ń sunkún lé lórí. Oko kan wà nítòsí Potwin ní Kansas, ní Amẹ́ríkà. Tí MaxMind, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àkójọ GeoLite2 yìí, bá mọ̀ pé Amẹ́ríkà ni IP kan wà, tí wọn ò sì mọ ibòmíì, wọ́n máa ń fún un ní ojú àmì kan láàárín orílẹ̀-èdè náà. Wọ́n gé nọ́ńbà ibi tó wà lórí máàpù kúrú sí 38 àti -97. Àfi bí àmì yẹn ṣe bọ́ sí àgbàlá àwọn ẹni ẹlẹ́ni. Ọ̀pọ̀ ọdún ni ọlọ́pàá, àwọn olówó orí, àti ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì fi ń wá kanlẹ̀kùn wọn. Ọdún 2016 ni oníròyìn Kashmir Hill tú u síta. IP tó ń tọ́ka sí àgbàlá yẹn lé ní mílíọ̀nù 600.

Kọ́lá_Yẹ̀ẹ́wò
Mílíọ̀nù 600? Irọ́ ni.

Ìyá_Dátà
IP ni mo ní, mi ò ní èèyàn. Gbogbo èyí tí wọn ò mọ ibi tó wà ni wọ́n dà síbẹ̀. Nígbà tí ariwo ta, ilé-iṣẹ́ náà gbé àmì yẹn lọ sáàárín adágún omi kan lápá ìwọ̀-oòrùn Wichita. Àwọn tó yá oko náà gbé sì pè wọ́n lẹ́jọ́ lọ́dún yẹn kan náà. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Pretoria, ní South Africa, àwọn tí wọ́n jí fóònù wọn ń lọ bá onílé ja.

Ọmọ_Mesiọ̀gọ̀
Sáàárín omi! Kí olè lọ lúwẹ̀ẹ́ 🤣 Ta ló mọ ilé tí tiwa bọ́ sí ní Nàìjíríà?

Àkànní_Python
Ẹ gbà mí. Ọ̀gá ti ń béèrè bóyá a lè fi máàpù sí i.

Sọjí_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì
Rárá o! Tó bá jẹ́ dandan, ya òbìrí tó tóbi tó accuracy_radius. Má fi àmì ṣóńṣó sórí ilé ẹnikẹ́ni.

Tàlàbí_DevOps
Tèmi ò tiẹ̀ dé Èkó. Lórí kọ̀ǹpútà mi, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa. A gbé e sẹ́yìn Nginx, ètò tó ń kọ́kọ́ gba àlejò wọlé, gbogbo oníbàárà di 127.0.0.1, ìyẹn àdírẹ́sì ẹ̀rọ wa fúnra rẹ̀, AddressNotFoundError ("a ò rí àdírẹ́sì yìí") ń tú jáde bí omi. X-Forwarded-For, ìlà tó ń gbé IP àlejò wá, la padà ń kà.

Kọ́lá_Yẹ̀ẹ́wò
Ẹ sì gba ohun tó wà nínú rẹ̀ gbọ́? Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ohun tó wù ú síbẹ̀. Ọmọ ọ́fíìsì wa kan fi curl, ètò tí wọ́n fi ń kọ ìbéèrè sí ojúlé, sọ ara rẹ̀ di ará Japan, ojúlé ń ka owó fún un ní yẹ́ǹnì. Èyí tí Nginx yín fúnra rẹ̀ kọ nìkan ni kẹ́ ẹ gbà.

Tàlàbí_DevOps
A ti ṣe bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ìwọ náà, gbogbo nǹkan lo máa ń yẹ̀ wò.

Ọmọ_Mesiọ̀gọ̀
Orúkọ rẹ̀ ni.

Dàpọ̀_Akẹ́kọ̀ọ́
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan fi fáìlì .mmdb rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Wọ́n ní kí n kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀.

Abẹ̀ní_Backend
Forúkọ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Láti 30 oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni wọ́n ti ń béèrè license key (kóòdù ìyọ̀ǹda), nítorí òfin ìpamọ́ àṣírí tó ń bọ̀ ní California nígbà náà. Lẹ́yìn náà, fi geoipupdate, ètò tó ń gba fáìlì tuntun, sórí cron kó máa ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀ lásìkò.

Dàpọ̀_Akẹ́kọ̀ọ́
Ọ̀rẹ́ mi kan ní ti 2021. Ṣé kò tó ni?

Sọjí_Nẹ́tíwọ́ọ̀kì
Á dáhùn, ṣùgbọ́n ìdáhùn ọdún 2021 ni. Àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń ta àdírẹ́sì fún ara wọn, wọ́n máa ń yá a, wọ́n á gbé e kúrò ní orílẹ̀-èdè kan lọ sí òmíràn. Àdéhùn wọn pàápàá ní kéèyàn pa ti àtijọ́ rẹ́ láàárín 30 ọjọ́ tí tuntun bá ti jáde. Lọ forúkọ sílẹ̀.

Jídé_Peckham
Ẹ ṣì ń sọ̀rọ̀ fáìlì. Ta ló máa bá mi dá owó tí alásè fi lé e padà?