Tí wọ́n bá fẹ́ fi kún owó ìdarí ọkọ̀ òfurufú, kí ni àjọ tó ń yẹ̀ ẹ́ wò máa ń wò gan-an?

Àkànkẹ́_T:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń ṣe àkáǹtì níléeṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú kékeré kan, elérò 19 lọkọ̀ tiwa ń gbé. Iléeṣẹ́ tó ń darí ọkọ̀ òfurufú láti ilẹ̀ ti kọ̀wé pé àwọn fẹ́ fi kún owó ìdarí tá à ń san fún ọdún mẹ́ta tẹ̀léra, wọ́n ní káwa tá à ń sanwó kọ èrò wa wá kí àjọ tó ń mójú tó iye owó tó pinnu. Ohun tó ń ká mi lára ni pé kò síbòmíì tá a lè gbà, epo a lè wá ẹni tó ń tà á ní pọ́ọ́kú, àmọ́ ojú òfurufú, ẹnì kan ló wà níbẹ̀. Ṣé àjọ yẹn máa ń yẹ ìwé wọn wò lóòótọ́ àbí òǹtẹ̀ ni wọ́n kàn máa ń lù ú? Kí la lè kọ tó máa wúlò?

Ojú_Rádà:
Torí pé kò síbòmíì yẹn gan-an ni wọ́n ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ wo Ọsirélíà, ìjọba ló ni Airservices Australia tó ń darí ọkọ̀ òfurufú níbẹ̀, síbẹ̀ wọn ò lè dá fowó kún un, àfi kí wọ́n kọ́kọ́ fi tó ACCC, ìyẹn àjọ tó ń mójú tó iye owó níbẹ̀, létí. Àjọ yẹn lè ní kò burú, ó lè kọ̀ ọ́, ó sì lè ní iye tó kéré sí i lòun fara mọ́. Ìwé àkọ́kọ́ ni wọ́n sábà máa ń gbé síta káwọn tó ń sanwó sọ tẹnu wọn kí ti gidi tó dé, nítorí náà ẹ má jẹ́ kó pẹ́, ìsinsìnyí lọ̀rọ̀ yín ṣì lè yí nǹkan padà.

Oníṣirò:
Ẹ má bá wọn jà lórí pásẹ́ńtì tí wọ́n kọ síwájú ìwé, inú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò. Ìnáwó wọn (owó oṣù, rádà, kọ̀ǹpútà, èrè lórí owó tí wọ́n kó sílẹ̀) ni wọ́n máa pín sórí iye ọkọ̀ tí wọ́n rò pé ó máa fò, tí wọ́n bá wá fojú kéré iye ọkọ̀ yẹn, owó á gbéra bó tiẹ̀ jẹ́ pé ìnáwó ò yí padà, tọ́kọ̀ bá sì pọ̀ ju bí wọ́n ṣe sọ lọ, àpò ta ni àjẹṣẹ́kù ń lọ? Ìbéèrè tí mo máa kọ́kọ́ bi wọ́n nìyẹn. Ní Yúróòpù wọ́n ti fòfin pín in: tí iye ọkọ̀ bá yàtọ̀ sí àsọtẹ́lẹ̀ láàárín 2%, iléeṣẹ́ ìdarí ló ni ín, láti 2% dé 10% wọ́n á dá 70% rẹ̀ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sanwó. Ní Kánádà, Nav Canada tó ń darí ọkọ̀ níbẹ̀ ò ní olówó kankan tó ń jẹ èrè, ìgbà tí Kòrónà pa ìrìnàjò lọ́dún 2020, September ni wọ́n fi bíi 29.5% kún owó wọn, lásìkò táwọn iléeṣẹ́ ọkọ̀ ò rówó rárá.

Kọntírólà:
Mo gbọ́ tiyín o, àmọ́ mo bẹ̀ yín, ẹ má ní kí wọ́n dín owó òṣìṣẹ́ kù. Kí kọntírólà kan, ìyẹn ẹni tó ń darí ọkọ̀ láti ilẹ̀ bíi tèmi, tó lè dá jókòó sídìí ẹ̀rọ, ọdún ló ń gbà, táwa ò bá sì tó, ilẹ̀ lọkọ̀ yín á dúró sí, ìyẹn wọ́nwó ju owó ìdarí lọ. Orí àwọn iṣẹ́ àkànṣe tí kò parí lásìkò ni kẹ́ ẹ ti béèrè.

Ojú_Rádà:
Òótọ́ lẹ sọ. Àkànkẹ́, ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń fi ìwúwo ọkọ̀ ṣírò. Ti Eurocontrol, àjọ tó ń gba owó ìdarí ọkọ̀ ní Yúróòpù, gbòǹgbò onílọ̀ọ́po méjì (square root) ti tọ́ọ̀nù tá a fi 50 pín ni wọ́n ń lò. Ọkọ̀ tọ́ọ̀nù 75 wúwo ju tọ́ọ̀nù 7.5 lọ nígbà mẹ́wàá, àmọ́ owó ẹ̀ kàn jẹ́ bí ìlọ́po mẹ́ta lásán. Tí tiyín náà bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ kékeré lẹ ń san jù lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan.

Àkànkẹ́_T:
Ẹ ṣeun gan-an ni! Bí ìwé wọn ṣe ṣí sílẹ̀ níwájú mi yìí, iye ọkọ̀ tí wọ́n kọ fún ọdún kìíní kéré sí iye tó fò lọ́dún tó kọjá, wọn ò sì ṣàlàyé kankan. Ibẹ̀ ni màá ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà wa.