Kí ni ó bí ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen ní Èkó, kí sì ni ó kù fún ẹ̀ka wa láti ṣe?

Ọmọ Ìdúmọ̀tà:
Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, mo kí yín o. Àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀ka wa ní Muṣin ní kí n bá àwọn sọ̀rọ̀ lórí ìtàn ẹgbẹ́ Ansar-Ud-Deen ní àsàlátù ọjọ́ Àìkú tí ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 1923 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Èkó. Ìdí rẹ̀ ni mo ń wá. Mọ́ṣáláṣí kò wọ́n ní Ìsàlẹ̀ Èkó nígbà náà, ilé kéwú sì wà káàkiri àdúgbò. Kí ni àwọn ọ̀dọ́ ìgbà yẹn rí tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn? Àwọn kan nínú wa sì ń bèèrè pé, nígbà tí ìjọba ti gba ilé-ìwé, ṣé iṣẹ́ tún kù fún ẹ̀ka kékeré bíi tiwa lẹ́yìn àsàlátù àti ìnáwó ọdún?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì:
Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé ni ó bí i. Láyé ìgbà yẹn, ọwọ́ àwọn ìjọ Kristẹni ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilé-ìwé Èkó wà. Òbí tí ó bá fẹ́ kí ọmọ òun di akọ̀wé kò ní ibòmíràn tí yóò mú un lọ, kò sì ṣọ̀wọ́n kí ọmọ tí ó wọlé ní Yusuf jáde ní Joseph. Baba mìíràn a rò ó títí, a sì fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé kéwú, níbi tí yóò ti ka Kùránì lórí wàláà kí ó já geere, ṣùgbọ́n tí kò ní lè kọ lẹ́tà kan sí ọ́fíìsì ìjọba.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey ní òpópónà Martins ní oṣù Keje ọdún 1894, Abdullah Quilliam, tí ó ṣojú Sultan ilẹ̀ Túrọ́kì, gba àwọn Mùsùlùmí Èkó níyànjú pé kí wọ́n fi ọmọ wọn sí ilé-ìwé. Ní 1896 ìjọba ṣí ilé-ìwé kan fún ọmọ Mùsùlùmí ní Èkó, wọ́n sì ṣí òmíràn ní Ẹ̀pẹ́ àti Àgbádárìgì lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí ó wà nílẹ̀ ju ohun tí ilé-ìwé mẹ́ta lè gbà lọ.

Ibi tí mo ti ń yin àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ni pé wọn kò jókòó de ìjọba. Wọ́n dáwó, wọ́n ṣí ilé-ìwé ní Alákòró, wọ́n sì tún rí i pé ilé-ìwé Mùsùlùmí tí kò ní olùkọ́ Mùsùlùmí kò tíì yanjú nǹkan kan, èyí ni ó mú wọn dá kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà. Tí ẹ bá fẹ́ bá àwọn ọ̀dọ́ sọ ohun kan ṣoṣo, ẹ sọ ti olùkọ́ yìí fún wọn.

Agbẹjọ́rò Èbúté Mẹ́ta:
Gbogbo ohun tí Olùkọ́ sọ ni mo fara mọ́. Òótọ́ ni pé ìjọba gba ilé-ìwé àwọn ẹlẹ́sìn láàárín ọdún 1970 sí 1980, ṣùgbọ́n orúkọ ẹgbẹ́ ṣì wà lára wọn, bí ẹ ṣe lè rí i ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé girama Ansar-Ud-Deen ní Sùúrùlérè. Ẹgbẹ́ kò sì káwọ́ gbera: Yunifásítì Summit ní Ọ̀fà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, tiwọn ni.

Ìyá Àdínnì:
Ọmọ mi, Ọlọ́run yóò fún ọ ní ohùn láti sọ ọ́. Má gbàgbé àwọn obìnrin nínú ìtàn rẹ, nítorí àwọn ìyá tí ń tajà ní Balógun àti Òkè Arin wà lára àwọn tí ń dáwó tí ẹgbẹ́ fi ń ṣiṣẹ́. Ní ẹ̀ka tiwa, akápò ní ìwé pẹlẹbẹ kan tí ó ń kọ orúkọ sí lẹ́yìn àsàlátù. Ẹni tí ó mú igba náírà wá àti ẹni tí ó mú ẹgbẹ̀rún márùn-ún wá, ojú ìwé kan náà ni wọ́n jọ wà, a kì í sì í ka iye rẹ̀ sókè. Nínú owó yẹn ni a ti ń san owó ìdánwò WAEC fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kò bá ní. Ọmọbìnrin kan tí a san tirẹ̀ ti di nọ́ọ̀sì báyìí, òun náà sì ń dáwó.

Èmi kò gbà pé iṣẹ́ ti tán. Ọmọ pọ̀ ní Muṣin tí ó ń lọ sí ilé-ìwé ìjọba tí kò lè ka ìwé Yorùbá tàbí ti Gẹ̀ẹ́sì dáadáa. Inú mọ́ṣáláṣí yín ṣófo láti àárọ̀ títí di ìrun Aílà ní ọjọ́ Sátidé. Ẹ tẹ́ ẹní síbẹ̀, ẹ wá ẹni méjì tí ó mọ ìṣirò àti ìwé kíkà, kí ẹ sì pe àwọn ọmọ, ìbáà jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí tàbí ti aládùúgbò. Ẹ má ṣe gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Tí ẹ bá ti ṣetán láti bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbí, ẹ̀ka tiwa yóò fi ìwé àti bírò ránṣẹ́.